Níbo Ni Rọ́bà Ti Ń Jó?

Mo rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn náà lọ́jọ́ yẹn, mo sì dákẹ́. Dídákẹ́ kì í ṣe ìwà mi. Bí ìkòkò bá ń jó nílé wa, ẹnu mi ni àwọn aládùúgbò fi ń mọ̀ kí èéfín tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo pa ẹnu mọ́, mo tẹjú mọ́ ọ̀nà, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó jẹ́ ọkọ̀ ńlá tó wà níwájú wa ló ń rùn. Ọkọ̀ ńlá náà yà sápá ọ̀tún, ó bá tirẹ̀ lọ. Òórùn náà ò bá a lọ.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?" Mo bi ọkọ mi léèrè.

"Mo ti ń gbọ́ ọ láti orí afárá," ó ní. "Mo rò pé bí n ò bá sọ ọ́ jáde, bóyá kò ní jẹ́ òótọ́."

"Ẹ wá ń rò bẹ́ẹ̀! Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dúró kí n tó bẹ́ sílẹ̀."

Rọ́bà tó ń jó ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, màá ti fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí táyà lílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, Onírọ́bà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Níbi tí àwọn ọkùnrin mìíràn ti ń lo ìṣó tàbí wáyà, túùbù àtijọ́ ni tèmi ń gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fi ń di nǹkan. Rọ́bà ló fi di ẹsẹ̀ tábìlì wa, rọ́bà ló fi di páìpù omi, rọ́bà ló fi di ọwọ́ garawa. Mo máa ń sọ fún un pé ọjọ́ tí ìgbéyàwó wa bá fẹ́ já, kó má wulẹ̀ pe àwọn àgbà, kó sáà mú túùbù wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín jìnnà sí mi, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Àbúrò mi kan ṣoṣo jóná mọ́nú ọkọ̀ akérò. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn létí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lórí itan rẹ̀ nígbà náà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ la ń pe ọmọ náà, nítorí ó rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránṣọ. Àwọn tó fọ́ fèrèsé rí ọmọ fà yọ, wọn ò rí ìyá. Nígbà tí ọmọ náà wá lè sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé òun ti gbóòórùn rẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, nǹkan ń jó." Ìyá rẹ̀ sọ fún dírébà. Dírébà ní kò sí nǹkan kan, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe ni. Àbúrò mi bá ní kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, kó má da àwọn èèyàn láàmú.

Ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà nítòsí ibi tí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ sì jìnnà sí wa gan-an. A lọ gbà á. Èmi àti ọkọ mi ò bímọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn ṣe ọ̀rọ̀ sọ, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Ọkọ̀ èrò kò ṣeé bá ọmọ náà sọ rárá, igbe ló máa ń bọ́ sí. Òfin ilé náà sì ni pé wọn kì í ti ọmọ sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọmọ gbọ́dọ̀ fi wọ̀ ọ́.

Lẹ́ẹ̀kínní tí a lọ, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ọwọ́ mi mú láti yàrá àlejò títí dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fa èémí símú, ó ní, "Ó ń rùn bíi tọjọ́ yẹn," ló bá sá wọlé. Ọkọ mi wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí ọ̀rá ìrajà tó yọ́ mọ́ sálẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ó fi ọ̀bẹ ha á kúrò. A dúpẹ́. Nígbà tí a tún lọ, ó tún dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó tún sá padà. Ọkọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ti ń yọ̀, etí rẹ̀ ti jó. Ó pààrọ̀ rẹ̀. A tún dúpẹ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣahun àléébù: bó o bá ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, wàá rí i.

Nígbà tó yá, obìnrin tó ń darí ilé náà, tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Màmá, ránṣẹ́ sí wa. Ó ní tọkọtaya kan tó ń gbé nítòsí ilé náà fẹ́ gba Pẹ́lẹ́ńgẹ́, èèyàn dáadáa, ẹsẹ̀ lásán ni ọmọ lè fi rìn dé ilé wọn. Ó ní ká wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọmọ ò bá bá wa lọ kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn yẹn ni yóò mú un. Mi ò lè bá obìnrin náà jà, bó ti wù mí tó, nítorí òótọ́ ló sọ. Ọmọ ò lè máa gbé yàrá oníbẹ́ẹ̀dì rẹpẹtẹ títí ayé nítorí ọkọ̀ tèmi.

Ọ̀nà ibẹ̀ la wà tí òórùn fi dé.

Onírọ́bà dúró lẹ́bàá títì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan bẹ́líìtì tuntun. Ó le dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Sálẹ́ńsà mọ́ tónítóní. Mo dúró tì í lórí.

"Ẹ ṣe kíá. Oòrùn ń gòkè."

"Mo ń wò ó, Aránṣọ."

"Wíwò kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ wò ó. Rírí ni mo ní kẹ́ ẹ rí i."

Ó dìde, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń rántí nǹkan. "Ó ti ń wúwo láti ẹ̀ẹ̀kan," ó ní, "bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú látẹ̀yìn." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ po, ó ń na ẹ̀yìn ọwọ́ sí táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì, ó fa ọwọ́ padà wéré. Mo tu itọ́ sí irin rẹ̀. Itọ́ náà dún ṣàà, ó gbẹ.

"Bíréèkì ló gbá a mú," ó ní. "Bọ́ sídìí sítíárìn, kó o tẹ bíréèkì, kó o tú u sílẹ̀ bí mo bá ti wí."

Òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ṣùgbọ́n n kì í wà á kọjá ọjà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tú u, mo tẹ̀ ẹ́, mo tú u. Nígbà tó jáde lábẹ́ ọkọ̀, nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ bí oje igi. Mo wò ó, mo mọ̀ ọ́n. Rọ́bà rẹ̀ ni. Sípíríìnì tó máa ń fa háńdì-bíréèkì padà ló já nígbà kan, ó sì ti fi túùbù dì í dípò rẹ̀. Túùbù ti dẹ̀, kò lè fà mọ́, nítorí náà bíréèkì kò tú sílẹ̀ látìgbà tí a ti jáde nílé. Irin ń ha irin, ooru rẹ̀ ló sì jó rọ́bà náà.

"Rọ́bà yín!" Mo kígbe. "Rọ́bà yín yìí náà ló máa gba ọmọ lọ́wọ́ mi! Táyà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lẹ̀, ta ló ní kẹ́ ẹ lẹ gbogbo ayé pọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́, nítorí ọkàn mi ti lọ jókòó sí yàrá àlejò níbi tí ọmọ wà.

Ó gé èyí tó kù nínú rọ́bà náà dànù. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó ń fi igi lu irin náà jẹ́jẹ́, títí táyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Mo gbé omi wá, ó ní rárá, pé omi tútù á fọ́ irin gbígbóná, àfi ká ní sùúrù. Sùúrù! Mo já páálí kan ya, mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, mo ń fẹ́ táyà bí ẹni ń fẹ́ iná ìdáná, mo ń wo oòrùn, mo ń wo irin, mo ń wo oòrùn. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọn ò jẹ̀bi.

Nígbà tó tutù, ó ní ká má lo háńdì-bíréèkì mọ́. Ó ṣa òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé e sẹ́sẹ̀ mi. "Ibi tí a bá ti dúró, èyí la ó fi há táyà," ó ní.

A ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí atẹ́gùn gbá inú ọkọ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú gbá ọkọ̀ náà kiri bí ajá. Mo gbóòórùn àga ẹ̀yìn, mo gbóòórùn ilẹ̀ ọkọ̀, mo gbóòórùn òrùlé rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ọkọ mi fi òkúta há táyà, òun náà fi imú gbá a, ó ní kò sí nǹkan kan. Oòrùn kò tíì kan àtàrí. Ara mi wá fúyẹ́ díẹ̀.

"Ẹ bá mi wọlé lónìí, kẹ́ ẹ kí ọmọ," mo ní.

"Rárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ìwọ lọ sọ ọ́, èmi á dúró ti ọkọ̀."

Ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbà gbogbo. Ojú ń tì í. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ lè wo òun kó má fẹ́ràn òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ fún mi rí. Látìgbà tí a ti ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ nìkan ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń rí i.

Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní yàrá àlejò, báàgì rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti dirun fún un. Ó dìde, ó dì mọ́ mi ní ìbàdí, kò sì tètè jọ̀wọ́ mi.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

"A ti tún un ṣe, ọmọ mi."

"Dáadáa?"

"Dáadáa."

A jáde. Màmá ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọkọ mi ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, ó dúró tì í, ó ti pààrọ̀ sí ẹ̀wù tuntun tí mo rán fún un, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó kù díẹ̀ kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ló bá dúró. Mo rí ihò imú rẹ̀ tó ń ṣí, tó ń padé.

"Ó ń rùn," ó ní.

Mo pariwo mọ́ ọn. "Kí ló ń rùn? Kò rùn! A ti tún un ṣe, mo ní a ti tún un ṣe! Bíréèkì ni, a ti tú u, kò sí nǹkan kan mọ́!"

Ọmọ náà gbójú sókè wò mí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni dírébà yẹn wí," ó ní.

Màmá sún mọ́ wa, ó di ọwọ́ kejì ọmọ náà mú. "Ẹ̀yin ìyá, ó tó gẹ́ẹ́," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fìyà jẹ ọmọ." Mo mọ̀ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tó dára jù tí mo ní, mo bú sẹ́kún. Mo sunkún fún àbúrò mi, mo sunkún fún ara mi, mo sì sunkún ìbínú sí páńda irin tí a ń pè ní ọkọ̀.

Àmọ́ wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Mo rí i pé ọmọ náà ò sá lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró, ó ń wò mí, àánú mi ń ṣe é. Ibẹ̀ ló ti sọ sí mi lọ́kàn pé gbogbo wa la ti ń sọ fún ọmọ yìí. Dírébà sọ fún un, ìyá rẹ̀ sọ fún un, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un tán ni. Ẹnì kan ò bi í léèrè rí.

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ó dáa," mo ní. "Ó ń rùn. Mo gbà. Níbo ló ti ń rùn?"

Ó wò mí bí ẹni pé kò dá a lójú pé òun gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Màmá. Ó rìn lọ síwájú ọkọ̀, ó fi imú fa atẹ́gùn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi táyà ẹ̀yìn tó fìyà jẹ wá, ó ní, "Díẹ̀. Kì í ṣe èyí." Ó yọ orí sínú ọkọ̀, sídìí àga dírébà, ó yára yọ orí jáde. Ó wá yí padà, ó rìn tọ ọkọ mi lọ níbi tó dúró sí, ó dúró níwájú rẹ̀, ó nawọ́ sí i láyà.

"Ibí ni," ó ní.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ọkọ mi gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí imú. "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan," ó ní. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọdé. Mo dìde, mo lọ bá a, mo ki imú bọ ọrùn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo fa èémí títí àyà mi fi kún.

Ọkọ mi ló ń rùn. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, òórùn ọkọ mi, èyí tí mo máa ń gbọ́ lórí ìrọ̀rí bó bá lọ sí ìrìn àjò tí àárò rẹ̀ bá ń sọ mí. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo wá ya ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ bí ẹni ń tú òwú. Rọ́bà ni. Láti ọdún tí a ti fẹ́ra ló ti ń fi iná lẹ túùbù láti òwúrọ̀ dalẹ́, èéfín rẹ̀ ti wọ irun rẹ̀, ó ti wọ awọ rẹ̀, ó ti wọ àga tó ń jókòó lé nínú ọkọ̀. A yọ ọ̀rá, a pààrọ̀ bẹ́líìtì, a tú bíréèkì. Pé imú wa ti jọ dàgbà pẹ̀lú òórùn náà ni kò jẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó béèrè ọṣẹ. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà láàárín ọgbà, ó bọ́ ẹ̀wù tuntun náà, ó fọ orí, ó fọ ọrùn, ó ń fi kànìnkànìn ha apá títí ó fi pọ́n. Màmá fún un ní ẹ̀wù kan tó jẹ́ ti ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé náà. Ó padà wá, omi ń kán lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó ń dúró bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sún mọ́ ọn. Mo rí i pé ó fẹ́ kí ó ti tán. Ó fẹ́ ẹ gan-an.

"Ó kù," ó ní. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

"O ò ṣẹ̀ mí," ọkọ mi ní. "Imú rẹ dára. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kò dára."

Ó dìde. Ó lọ bọ́ aṣọ ìbòrí tí mo rán sórí àga dírébà kúrò, ó ká a, ó fi há abíyá. Ó kó àwọn rọ́bà rẹ̀ kúrò lábẹ́ àga. Ó tẹ́ tàwẹ́lì tí Màmá mú wá síbẹ̀ dípò.

"Bọ́ sídìí ẹ̀, Aránṣọ. Wà á lọ."

"Kí lẹ̀ ń wí? Èmi tí n ò wa ọkọ̀ kọjá ọjà rí? Ẹ̀yin ń kọ́?"

"Màá wọ ọkọ̀ èrò."

"Bẹ́ ẹ bá wá délé ń kọ́? Ṣé ìta lẹ ó máa sùn ni? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ jẹ́ ká ronú, ẹ jẹ́ ká..."

"Oòrùn ti fẹ́ kan àtàrí," ó ní. Kò gbóhùn sókè. "Ọkọ̀ la wá tún ṣe. Ohun tó bá ń rùn nínú ọkọ̀, yíyọ là ń yọ ọ́."

Mo fẹ́ bú u. Mo bọ́ sídìí sítíárìn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi imú fa atẹ́gùn, ó tún fà á. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó gbé ìkejì. Màmá ti ilẹ̀kùn láìjẹ́ kó dún.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ òkúta lábẹ́ táyà, ó gbé e fún mi lójú fèrèsé. "Má gbàgbé. Bó o bá dúró, táyà ẹ̀yìn ni kó o fi há. Má sáré. Bó o bá gbọ́ òórùn kankan, yà sẹ́bàá ọ̀nà, kó o bi ọmọ yẹn léèrè." Ó sì fẹ̀yìn rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ òun sí wa.

A jáde lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo dígí, mo rí i tó dúró ní ojú títì nínú ẹ̀wù ọdẹ tí kò bá a mu. Ó gbé aṣọ àga náà sí imú, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e sí imú. Ó ń wá a. Ó ń gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí ọmọ náà gbọ́.

"Àǹtí," Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kéré, "kò rùn mọ́."

Èmi náà fa èémí símú. Òótọ́ ló sọ. Kò sí òórùn kankan mọ́ nínú ọkọ̀ wa.